Bí iṣẹ́ bá ṣe yín léṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu tàbí Ṣábẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀: bí ẹ ṣe lè yan dókítà yín fúnra yín

Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ lágbègbè wa, bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn lọ́wọ́ tàbí tí àkàbà bá yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ọ̀gá á pe zémidjan (ọlọ́kadà), á dárúkọ kílíníìkì kan, wọ́n á sì gbé ẹni náà lọ. Kíá ni wọ́n gbé e, ìyẹn dára. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ á rò pé kílíníìkì tí ọ̀gá dárúkọ yẹn ni òun gbọ́dọ̀ máa lọ títí ara yóò fi yá, pé dókítà tí ọ̀gá mọ̀ nìkan ló lè sọ pé kí òun padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tiyín ni, ẹ̀yin lẹ ó yan ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ibi tó ṣòro ni bí ẹ ó ṣe yàn án tí CNSS (àjọ ààbò àwùjọ Bẹ̀nẹ̀) yóò fi san owó náà, tí ìwé yín kò sì ní dàrú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Òfin méjì ló ń darí ọ̀rọ̀ jàǹbá ẹnu iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan ni òfin iṣẹ́, Loi n° 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998. Èkejì ni òfin ààbò àwùjọ, Loi n° 98-019 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2003, èyí tí CNSS ń tẹ̀ lé. Jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nítorí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, tàbí láti ibi iṣẹ́ sí ilé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ẹ kò bá ti yà síbòmíràn fún ọ̀rọ̀ ti ara yín. Ọmọ ikọ́ṣẹ́ náà kò gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí mo mọ bí ojú ṣe máa ń ti òṣìṣẹ́ láti béèrè: owó tí CNSS fi ń san ti jàǹbá, ọ̀gá nìkan ló ń dá a, láti 1 dé 4 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́, bí iṣẹ́ náà bá ṣe léwu tó. 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, ti ìfẹ̀yìntì ni. Nítorí náà, ọ̀gá tó ń sọ pé òun ń fi àánú tọ́jú yín ń gbàgbé pé ètò kan ti wà nílẹ̀ fún un.

Ní ti yíyan dókítà, ìlànà iṣẹ́ ìṣègùn gan-an ló gbé e kalẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ ọ́ sínú Ìkéde Lisbon, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1981: aláìsàn lè yan dókítà àti ilé ìwòsàn tó wù ú, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, ó lè pààrọ̀ wọn, ó sì lè lọ gbọ́ èrò dókítà mìíràn. Ọgbẹ́ tó wá láti ibi iṣẹ́ kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Dókítà mẹ́ta tí à ń pè ní orúkọ kan náà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń lọ́. Dókítà ilé iṣẹ́ (médecin du travail) wà láti rí i pé iṣẹ́ kò ba ìlera òṣìṣẹ́ jẹ́. Òun ló ń yẹ àwọn tuntun wò, òun ló sì ń wò ó bóyá ẹni tó ṣàìsàn lè padà sí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó lè dí ọgbẹ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di dókítà yín.

Dókítà tó ń tọ́jú yín (médecin traitant) ni ẹ̀yin ń yàn. Òun ló ń kọ oògùn, tó ń pàṣẹ àyẹ̀wò, tó ń kọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi sinmi, tó sì ń sọ ìgbà tí ọgbẹ́ jinná.

Dókítà CNSS (médecin-conseil) kì í tọ́jú ènìyàn. Ó ń yẹ ìwé wò, ó lè pè yín wá kó fojú ara rẹ̀ rí ọgbẹ́ náà. Bó bá pè yín, ẹ lọ. Ẹni tí kò bá lọ lè rí i kí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé "dókítà ti ní ara yín ti yá", ẹ béèrè èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí orí bá fọ́, bí eegun bá yọ síta, kì í ṣe àkókò yíyan dókítà. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù lọ ni. Ojúṣe ọ̀gá ni láti rí i pé ẹ rí ìtọ́jú pàjáwìrì gbà, kí wọ́n sì gbé yín dé ibẹ̀. Àwọn panápaná ń dáhùn lórí 118. Bí sìmẹ́ǹtì tàbí ẹfun bá ta sójú, ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ó kéré tán 15 ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbéra.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀yin tàbí ẹni tó sìn yín lọ gbọ́dọ̀ sọ kí akọ̀wé tó kọ nǹkan kan: "accident de travail" (jàǹbá ẹnu iṣẹ́). Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ṣubú nílé, tàbí pé alùpùpù gbá yín níbi tí ẹ ti ń ṣeré lọ, ọwọ́ ara yín lẹ fi ti ilẹ̀kùn CNSS. Àwọn ọ̀gá kan máa ń bẹ òṣìṣẹ́ pé kó sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní "èmi náà á san owó rẹ̀." Wọ́n lè san ti ọjọ́ kìíní. Bí ó bá di oṣù kẹta, tí ọwọ́ kò tíì ká, kò sí ìwé tí ẹ máa fi bi wọ́n.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn méjì tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi fóònù ya ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ kọ aago sílẹ̀.

Ọ̀gá ní wákàtí 48 láti kéde jàǹbá náà fún CNSS. Ẹ béèrè fọ́tókọ́pì ìkéde yẹn, kí ẹ sì kà á dáadáa: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, apá ara tó fara pa. Bí ọ̀gá kò bá kéde rẹ̀, ẹ̀yin tàbí ará ilé yín lè ṣe é fúnra yín láàárín ọdún 2. Ẹ má dúró de ọdún 2 o. Ẹlẹ́rìí á kó lọ sí ìlú mìíràn, ilé iṣẹ́ á yí orúkọ padà.

Ta ni kí ẹ yàn?

Kì í ṣe ẹni tó ní orúkọ jù. Ẹni tó mọ irú ọgbẹ́ yín, tó máa kọ ìwé dáadáa, tí ẹ sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ léraléra. Ẹni tó fọ́ lẹ́sẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu tó wá yan dókítà ní Kútọnu lè pàdánù ìpàdé ẹ̀ẹ̀mejì nítorí owó ọkọ̀, àlàfo ọjọ́ tó wà nínú ìwé rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá.

Fún ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́, CHUD Ouémé-Plateau, ilé ìwòsàn ńlá ti ẹkùn Ouémé àti Plateau, wà nítòsí. Kétu ní ilé ìwòsàn ti kọ́múùnù, ṣùgbọ́n Pọ̀bẹ́ ni hôpital de zone (ilé ìwòsàn agbègbè) tó ń bójú tó Kétu wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń darí ẹni tó bá nílò iṣẹ́ abẹ sí. Ṣábẹ̀ ní hôpital de zone tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ará Ṣábẹ̀ lè lọ sí CHUD tó wà ní Parakou tàbí CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti orílẹ̀-èdè, ní Kútọnu. Nígbà tí dókítà bá ń darí yín síbòmíràn, ẹ gba ìwé ìdarí (référence) lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ló so ilé ìwòsàn méjèèjì pọ̀ lójú CNSS. Bí ẹ bá dá lọ láìsí i, wọ́n lè béèrè ìdí tí ẹ fi fi ibi àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ kílíníìkì aládàáni lẹ fẹ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wádìí kí ẹ tó jókòó. Ṣé orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Ordre national des médecins (ẹgbẹ́ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀)? Ṣé kílíníìkì náà ní ìwé àṣẹ ìjọba? Ṣé CNSS máa san gbogbo owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, tàbí títí dé iye kan? Ìbéèrè kẹta yìí, ọ̀dọ̀ CNSS ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, ẹ má béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ kílíníìkì. Ẹ̀ka tó wà ní Àjàṣẹ́ ló ń bójú tó Ouémé àti Plateau, ìyẹn ni pé ará Kétu náà ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ á béèrè ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹkùn Collines.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun wá ńkọ́? A kò ní kí ẹ má lọ, a mọ ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ènìyàn wa ní nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò lè kọ ìwé ẹ̀rí tí CNSS ń gbà, owó tí ẹ bá sì san fún wọn kò ní padà wá. Èyí tó léwu jù ni kí eegun ti tò kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀: bó bá tò ní wíwọ́, kò sí ohun tí yóò fi bí ó ṣe rí lọ́jọ́ jàǹbá hàn. Ó kéré tán, ẹ ya radio (fọ́tò eegun) náà nílé ìwòsàn, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí dókítà kí ẹ tó lọ síbikíbi. Bí egbò bá sì ṣí sílẹ̀ lórí eegun tó dá, ilé ìwòsàn nìkan ni, torí kòkòrò lè wọ inú eegun.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá

Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ìwé kékeré kan tó, ní èdè Faransé torí òun ni wọ́n ń kà ní ọ́fíìsì:

"Je soussigné(e) …, victime d'un accident du travail survenu le … à …, vous informe que j'ai choisi comme médecin traitant le Docteur …, exerçant à …, à compter du …"

Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yin tí iṣẹ́ ṣe léṣe lọ́jọ́ báyìí ti yan dókítà báyìí láti ọjọ́ báyìí. Ẹ kọ nọ́ńbà CNSS yín sísàlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ọ̀gá, ọ̀kan fún CNSS, ọ̀kan tí wọn yóò lu òǹtẹ̀ "reçu le" (a gbà á lọ́jọ́ báyìí) sí tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti gbà á, ẹ fi ránṣẹ́ ní recommandé (lẹ́tà tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀) nílé ìfìwéránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fún yín.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ló dára jù. Ẹ lè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ gbé mi dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Dókítà tó mọ̀ nípa ọwọ́ ni mo fẹ́ kó máa bá a lọ." Kò sí òfin tó ní kí ẹ ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ẹ̀rí dókítà

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ rántí ibí yìí. Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ (certificat médical initial) ni gbogbo ẹjọ́ dúró lé. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, ó ṣòro láti fi kún un lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹni tó ṣubú láti orí ilé tí apá rẹ̀ ṣẹ́, apá ni gbogbo ojú máa ń wò. Ẹ̀yìn tó ń ro ó díẹ̀ kò ní sí ẹni tó máa kọ ọ́. Bí ẹ̀yìn yẹn bá wá di wàhálà, CNSS á béèrè pé níbo ló ti wá. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo ibi tó ń dùn yín fún dókítà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kódà èyí tó dà bí ohun kékeré, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ wọ́n.

Kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀: ọjọ́ jàǹbá àti ọjọ́ àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ náà "accident de travail", apá ọ̀tún tàbí òsì, irú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, iye ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, orúkọ dókítà, ọwọ́ rẹ̀ àti òǹtẹ̀. Bó bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tó sì kọ òmíràn lé e, ẹ ní kó kọ ìwé tuntun.

Orúkọ máa ń da ìwé rú ju ọgbẹ́ lọ lágbègbè wa. Wahabi ni lórí káàdì, Ouahabi ni dókítà kọ, ilé iṣẹ́ sì kọ Wahab. Ojú CNSS ènìyàn mẹ́ta nìyẹn. Ẹ gbé káàdì ìdánimọ̀ tó ní NPI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín) dání, kí dókítà da orúkọ kọ láti ara rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí. Bó bá jẹ́ "né vers" (a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí) ló wà lórí káàdì, bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà lórí ìwé ẹ̀rí.

Bí ìsinmi bá fẹ́ parí tí ara kò tíì yá, ẹ padà lọ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ gba ìwé ìfàgùn (certificat de prolongation). Bí ìsinmi àkọ́kọ́ bá parí ní ọjọ́ 14 tí ẹ sì lọ ní ọjọ́ 17, ọjọ́ 15 àti 16 tó wà láàárín yẹn lè di ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀, ọ̀gá sì lè pè é ní àìwá síṣẹ́.

Owó

Ọ̀gá ló ń san owó ọjọ́ jàǹbá fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, CNSS ń san owó ojoojúmọ́ tó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, títí ara yóò fi yá tàbí títí ọgbẹ́ yóò fi dúró lójú kan. Ẹni tó ń gba 90,000 fáráǹkì lóṣù, 3,000 ni ọjọ́ kan rẹ̀, nítorí náà 2,000 ni yóò máa gbà lójúmọ́. Ìtọ́jú, oògùn, àyẹ̀wò, ibùsùn ilé ìwòsàn, ọ̀pá ìtìlẹ́yìn tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà lára ohun tí ètò náà ń gbé, títí kan owó ọkọ̀ láti ibi jàǹbá dé ilé ìwòsàn.

Àwọn zémidjan kì í fún ènìyàn ní reçu (ìwé ẹ̀rí owó). Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbéra, ibi tí ẹ dé àti iye owó, kí ẹni tó gbé yín fọwọ́ sí i. Kò dájú pé wọ́n á gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Reçu oògùn, ẹ ya fọ́tókọ́pì rẹ̀ kíákíá, torí ìwé yẹn máa ń ṣá láàárín oṣù díẹ̀ tí kò sì ní ṣeé kà mọ́.

Bí ọ̀gá bá kọ̀

Ó lè sọ pé bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn, òun kò ní kéde jàǹbá náà. Ìkéde jẹ́ ojúṣe rẹ̀, kò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó lè ní òun kò forúkọ yín sílẹ̀ ní CNSS. Ẹ má tìtorí ìyẹn dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ kó ohun tó fi hàn pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jọ: ìwé owó oṣù, owó tó wọlé lórí fóònù, aṣọ iṣẹ́, fọ́tò, ẹlẹ́rìí. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ inspecteur du travail, aṣojú ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò gba owó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà láàárín yín àti ọ̀gá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òfin ní kí ẹ kọ́kọ́ dé kí ẹ tó lè lọ sí ilé ẹjọ́ iṣẹ́. Bí ó bá pe yín sí ìlàjà, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lóye. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa lọ.

Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé ẹ ti gba owó ìrànlọ́wọ́ kan "pour solde de tout compte" nígbà tí ọgbẹ́ kò tíì jinná. Gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó kù láàárín yín mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ dókítà, tàbí tí dókítà CNSS bá sọ ohun tó yàtọ̀

Ẹ lè pààrọ̀, ṣùgbọ́n kí ìwé má já láàárín. Ẹ gba ẹ̀dà fáìlì yín lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́: ìwé ẹ̀rí, radio, èsì àyẹ̀wò, orúkọ oògùn. Ẹ fún ọ̀gá àti CNSS ní ìwé tuntun bíi ti ìṣáájú. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ló dára, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó yí dókítà márùn-ún ká máa ń dà bí ẹni tó ń wá ìsinmi.

Àkókò tó gba ìṣọ́ra jù ni consolidation, ìgbà tí dókítà bá sọ pé ọgbẹ́ kò ní yí padà mọ́, ì báà ṣẹ́ku ìrora tàbí ìka tí kò ká. Owó ojoojúmọ́ á dúró níbẹ̀, wọ́n á sì wọn iye agbára tí ẹ pàdánù. Bí kò bá tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san. Bó bá tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó tí ẹ ó máa gbà léraléra ni. Ẹ wá rí i pé ìyàtọ̀ láàárín 18 àti 20 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ìpàdé yẹn tó dé, ẹ ní kí dókítà tí ẹ yàn kọ ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn tó sọ ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́ ní kedere: iye kílò tí ọwọ́ lè gbé, bí orúnkún ṣe ń tẹ̀ tó. Bí dókítà CNSS kò bá gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí CNSS láìpẹ́, kí ẹ béèrè pé kí dókítà kẹta yẹ̀ yín wò, kí ẹ so ìwé dókítà yín mọ́ ọn.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi

Òfin Bẹ̀nẹ̀ kò bá ẹni kọjá ẹnubodè. Ọmọ Kétu tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wà lábẹ́ òfin 2010 tibẹ̀ lórí jàǹbá iṣẹ́: ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, àjọ tó ń san owó jàǹbá iṣẹ́ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Pennsylvania, bí ọ̀gá bá lẹ orúkọ ó kéré tán mẹ́fà mọ́ ògiri bó ṣe yẹ, inú wọn ni ẹ ó ti yan fún ọjọ́ 90 àkọ́kọ́. Ní New York, ẹ lè yan ẹni tó wù yín láàárín àwọn tí ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Kí ará ilé tó wà níbẹ̀ béèrè ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni láti ilé.

Bí ìrora bá padà dé

Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn consolidation, irin tí wọ́n fi so eegun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu, tàbí egbò tún ṣí. Rechute nìyẹn ń jẹ́, ó sì ṣeé tún gbé wá síwájú CNSS. Ẹ má lọ gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tuntun. Ẹ gbé ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lọ bá dókítà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí tuntun pé láti ara jàǹbá ọjọ́ báyìí ni ìrora yìí ti wá, pẹ̀lú nọ́ńbà fáìlì tí CNSS fún yín nígbà yẹn.